Tanwíjí Àpáta Tó Dé Òfuurufú

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé ẹranko kan wà tí kò lè kú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, fi í ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán: ẹranko kan tó sanra bọ̀lọ̀jọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, èékánná lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Wọ́n ní wọ́n gbé e lọ sí gbalasa òfuurufú, kò kú. Wọ́n sè é, kò kú. Ṣé òótọ́ ni, mà?”

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bàólójì kọ́ni títí irun fi funfun kì í lè jẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ó ń kú dáadáa. Tardigrade ni wọ́n ń pe ẹranko náà. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Copenhagen fi irú rẹ̀ kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí 24. Nígbà tí ooru omi náà fi tó dígírì 37, ìyẹn ooru ara èèyàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìdajì wọn ti kú. Omi tí ìyá àgbà lè fi wẹ ọmọ jòjòló ló pa ẹranko tí wọ́n ní kò lè kú.

Àmọ́ òótọ́ kan fara pamọ́ sínú irọ́ yẹn, ó sì kan àwa ará Nàìjíríà ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe mọ̀ lọ. Àwọn ẹranko tó ti lọ sí ìta òfuurufú tí wọ́n sì padà wá jí kò pọ̀. Kòkòrò kan wà lára wọn tó jẹ́ pé orí àpáta ní Àríwá orílẹ̀-èdè wa yìí ni wọ́n ti kó irú rẹ̀.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń pani lókè lọ́hùn-ún. Ooru àti òtútù wà níbẹ̀: ara ìta ibùdó òfuurufú ti àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní ISS, lè gbóná ju omi tó ń hó lọ nígbà tí oòrùn bá kọjú sí i, kí ó sì tutù ju dígírì 100 sísàlẹ̀ òdo nígbà tó bá wọ òjìji ayé. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí wà níbẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ayé ń bá wa dí lọ́nà. Ìtànṣán mìíràn tún wà tó ń ti ọ̀nà jíjìn réré wá, tó lè gba inú ara kọjá kí ó sì já DNA sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n àìsí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fiyè sí jù. Èèyàn tí kò wọ ẹ̀wù òfuurufú yóò dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Ohun tí kò ní afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí kò lè di omi ara rẹ̀ mú. Omi náà yóò máa di ìkuuku, yóò máa jáde lọ. Lọ́rọ̀ kan, ibẹ̀ gbẹ ju ibikíbi tí ẹ lè ronú kàn láyé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àpáta ti wọlé nìyẹn.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Wọ́n bí mi sáàárín àpáta, nítorí náà àpáta kì í ṣe ohun tuntun lójú mi nígbà tí mo lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ẹ̀bá Zaria. Síbẹ̀, oòrùn tó ń pa àwọn àpáta ibẹ̀ yàtọ̀. Òkúta dúdú pẹrẹsẹ, kò sí igi, kò sí ìbòòji. Bí ó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ lásán kò lè dúró lé e. Òjò á rọ̀, omi á dúró sínú àwọn kòtò kéékèèké orí rẹ̀, omi tí kò mu èèyàn ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí oòrùn á fi fà á gbẹ. Òjò mìíràn á tún rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ẹ̀ẹ̀rùn gidi yóò fi dé, tí ọyẹ́ yóò sì fẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni Polypedilum vanderplanki ń gbé. Tanwíjí àpáta ni èmi yóò máa pè é, nítorí ìgbà tó ṣì wà nínú omi gẹ́gẹ́ bí ìdin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Bí ó bá hu ìyẹ́ tán, á jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n kì í jẹ èèyàn, kì í sì í pẹ́ láyé. Onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Vanderplank ló kó o ní Àríwá Nàìjíríà láyé ìjọba Òyìnbó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kòkòrò náà. H. E. Hinton ti Yunifásítì Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1951 pé òun ti rí ìdin kan tó lè gbẹ pátápátá láìfarapa.

Àwọn ẹranko mìíràn tí omi bá ń gbẹ mọ́ lẹ́sẹ̀ á sá lọ, tàbí kí wọ́n wa ilẹ̀ wọlé. Tanwíjí yìí kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò, òkúta ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ló máa ń fi po ẹrẹ̀ àti pàǹtírí ìsàlẹ̀ omi, á fi mọ ilé tóóró kan yí ara rẹ̀ ká, á sì dúró sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ilé náà ni kí ó má ṣe jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè jáde. Nǹkan bíi wákàtí 48 ló ń fẹ́ láti fi gbẹ. Bí ẹ bá sáré gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, yóò kú bí tanwíjí ẹ̀fọn ṣe ń kú.

Kí ló ń ṣe nínú wákàtí 48 yẹn? Ó ń ṣe súgà. Gbogbo oúnjẹ tó ti jẹ pamọ́ sára ló ń sọ di trehalose. Súgà yìí wà nínú olú tí a ń sè lọ́bẹ̀. Òun náà ló sì ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ kòkòrò, bí glúkóòsì ṣe ń ṣàn nínú tiwa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tanwíjí àpáta ń ṣe é jaburata, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá gbẹ tán, súgà yìí nìkan á ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ wo panla ọjà. Tí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, yóò wú, yóò rọ̀, ọbẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní lúwẹ̀ẹ́. (Mo mọ̀ pé ó ti kú kí wọ́n tó sá a. Bí wọ́n bá tiẹ̀ sá a láàyè, kò ní jí.) Omi ló ń jẹ́ kí awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì àti àwọn purotéènì inú rẹ̀ dúró sí ipò wọn. Bí omi bá lọ, awọ náà á ya, purotéènì á ká kò, á lẹ̀ mọ́ra, kò sì sí ẹni tó lè tún un tò. Nínú tanwíjí àpáta, bí omi ṣe ń jáde ni trehalose ń jókòó sí àyè omi. Nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, súgà náà á le, á di gíláàsì gangan, gbogbo ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á sì há sínú rẹ̀ níbi tí kálukú wà. Àwọn purotéènì kan tún wà tó ń ràn án lọ́wọ́. Inú hóró òwú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn ìbátan purotéènì wọ̀nyí, èyí kò sì yà mí lẹ́nu: kí ni hóró náà ń ṣe nínú àká bí kò ṣe pé ó gbẹ, ó ń dúró de òjò?

Nígbà tí ó bá parí, omi tó kù lára tanwíjí náà kò ju bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Kò mí, kò jẹ, kò dàgbà, kò darúgbó. Ṣé ó ti kú ni àbí ó wà láàyè? Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bá ara wọn jà lórí ìbéèrè yìí, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jà. Èmi gbà pé ó wà láàyè, nítorí pé bí ẹ bá bomi sí i, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara, á sì máa wá oúnjẹ.

Hinton kò fi mọ síbẹ̀. Ó mú èyí tó ti gbẹ, ó rì í sínú hílíọ́ọ̀mù olómi tí òtútù rẹ̀ tó dígírì 270 sísàlẹ̀ òdo, ó mú un jáde, ó bomi sí i, ó jí. Ó gbé òmíràn sínú ooru tó ju dígírì 100 lọ fún ìṣẹ́jú kan, ó jí. Àwọn mìíràn ti wà ní gbígbẹ fún ọdún 17 kí wọ́n tó bomi sí wọn, tí wọ́n sì jí. Èyí tó wú mi lórí jù kì í ṣe ti Hinton rárá, ti àwọn ará Japan ni. Ní ìlú Tsukuba, Masahiko Watanabe, Takashi Okuda àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ara pé “gbẹ báyìí.” Wọ́n yọ ọpọlọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ara tí kò ní ọpọlọ mọ́ gbẹ bó ṣe yẹ kó gbẹ, nígbà tí wọ́n sì bomi sí i, ó tún mira. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí wọ́n ń dúró dè.

Ẹ ó ti máa rí ibi tí mò ń lọ. Àwọn onímọ̀ ará Rọ́ṣíà àti Japan kó tanwíjí àpáta gbígbẹ sínú àpótí, wọ́n sì so àpótí náà mọ́ ara ìta ibùdó ISS. Ó wà níbẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ, tí òtútù àti ooru ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n gbé e padà sílé, wọ́n bomi sí i. Wọ́n rí èyí tó jí.

Ohun tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi náà nìyí, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà: kòkòrò yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfuurufú. Ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ̀. Kò sí ẹranko kan tó jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ máa gbé láàárín ìràwọ̀. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí omi lórí àpáta gbígbóná ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òfuurufú máa bi í.

Ti ìtànṣán ńkọ́? Kò kúkú sí ìtànṣán olóró nínú kòtò omi. Síbẹ̀, tanwíjí àpáta gbígbẹ ti gba ìtànṣán tó tó 7,000 Gray (òun ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), ó sì tún jí, bẹ́ẹ̀ bíi Gray 5 péré ti tó láti pa èèyàn. Ìwádìí tí àwọn ará Rọ́ṣíà àti Japan gbé jáde ní 2010 ló tú àṣírí náà. Wọ́n rí i pé gbígbẹ fúnra rẹ̀ máa ń já DNA tanwíjí náà sí wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bomi sí i, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó tún gbogbo rẹ̀ so pọ̀. Nítorí náà, ó ti ní irinṣẹ́ àtúnṣe nílé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ló rà á fún un. Ní 2014, wọ́n ka gbogbo àkọsílẹ̀ DNA rẹ̀ tán, wọ́n fi wé ti ìbátan rẹ̀ kan tí kò lè gbẹ kó jí, wọ́n sì rí i pé àwọn jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti pọ̀ sí i, wọ́n wà ní ìdì-ìdì lójú kan, ti ìbátan rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹranko inú àwòrán. Pásítọ̀ ará Jámánì kan, Johann Goeze, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa tardigrade ní 1773. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn tó mìlímítà kan, irú wọn tí wọ́n sì ti fún lórúkọ lé ní 1,300. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bára mu: àwọn tó ń gbé inú òkun tí kì í gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn kò lè fara da gbígbẹ. Àwọn tó ń gbé inú ewéédò ara ògiri àti ara igi, tí omi wọn ń gbẹ lónìí tó ń dé lọ́la, ló mọ bí a ṣe ń ká ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọ inú, tí ara á sún kì di kókó kékeré, tí á máa dúró.

Ní oṣù kẹsàn-án 2007, Ingemar Jönsson ti Yunifásítì Kristianstad ní Sweden fi irú méjì nínú wọn, ní gbígbẹ, sínú sátẹ́láìtì FOTON-M3 tó gbéra láti Baikonur. Nígbà tí wọ́n dé nǹkan bíi kìlómítà 270 sókè, ìdérí ṣí, wọ́n sì wà ní gbangba fún ọjọ́ 10. Èyí tí wọ́n dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ oòrùn, tí àìsí afẹ́fẹ́ nìkan bá jà, jí lọ́pọ̀ yanturu, àwọn kan sì yé ẹyin tó pa. Èyí tí oòrùn tí kò ní ìbòrí tàn sí lára kú tán àfi ìwọ̀nba díẹ̀ péré. Èmi kò mọ ìdí tí àwọn tó ń kọ ìròyìn fi máa ń fo apá kejì yìí. Òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jù. Gbígbẹ tí wọ́n ti mọ̀ kò rí wọn gbéṣe. Oòrùn tí wọn kò bá pàdé rí láyé ló pa wọ́n.

Kì í ṣe pé wọn kò ní ohun ìjà kankan sí ìtànṣán o. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tokyo ṣàwárí purotéènì kan lára tardigrade, wọ́n pè é ní Dsup. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, ó sì ń bò ó. Nígbà tí wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn nínú láàbù, ìpalára tí ìtànṣán X-ray ń ṣe fún DNA sẹ́ẹ̀lì náà fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n tún fẹ́ràn láti máa pín ni pé tardigrade ti ń gbé inú òṣùpá. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ Beresheet tí àwọn ará Ísírẹ́lì fi ránṣẹ́ gbé tardigrade gbígbẹ dání, ó sì já lu òṣùpá ní oṣù kẹrin 2019. Alejandra Traspas àti Mark Burchell, ní Yunifásítì Kent, wá ṣe ohun tí èmi ìbá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí: wọ́n kó tardigrade sínú ìbọn ńlá kan, wọ́n sì yìn wọ́n lu iyanrìn. Títí dé nǹkan bíi mítà 900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ń yè. Bí eré bá ju ìyẹn lọ, wọ́n ń fọ́ yángá. Wọ́n ṣírò agbára ìjálù Beresheet, wọ́n sì rí i pé ó ṣòro kí ọ̀kankan yè é. Ká tiẹ̀ ní ó yè, ta ni yóò bomi sí i níbẹ̀? Ẹranko gbígbẹ kò lè jẹun, kò lè yé ẹyin. Ẹni tó ń sùn sínú àpótí kò tíì kó wọlé.

Ohun tó kàn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò sí lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí nọ́ọ̀sì abúlé tó ń sáré wá yìnyín sínú kúlà nítorí pé iná ti lọ, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sì fẹ́ bàjẹ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ará Japan ti mú sẹ́ẹ̀lì láti ara tanwíjí àpáta, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nínú láàbù, wọ́n ń pè é ní Pv11. Sẹ́ẹ̀lì náà ṣeé gbẹ, ó sì ṣeé jí. Ní 2017, wọ́n fi ohun ẹlẹgẹ́ kan tó ń mú iná tàn sínú rẹ̀, èyí tí irú rẹ̀ ń mú ìdí tanátaná mọ́lẹ̀ lóru, tí kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ó bá gbẹ. Wọ́n gbẹ sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìsí fíríìjì fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Nígbà tí wọ́n bomi sí i, ohun náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò tíì di abẹ́rẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá máa rí ọ̀nà tí oògùn yóò fi wà láìsí iná mànàmáná, ibi tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ti hàn.

Ó ń dùn mí pé nínú gbogbo ìwé tí mo fi kọ́ni, kò sí ọ̀kan tó dárúkọ kòkòrò yìí. Amíbà ni a ń yà, àti ọ̀pọ̀lọ́ tí kì í ṣe irú tiwa. Mo ti tẹ̀ wo inú kòtò orí àpáta ní Ṣakí lẹ́yìn òjò. Tanwíjí ẹ̀fọn lásán ni mo rí níbẹ̀, àwọn yẹn kò sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kankan.

Tardigrade ni olùkọ́ lè fi han ọmọ láìlọ jìnnà. Ẹ ha ewéédò díẹ̀ lára ògiri tàbí ara igi, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò tàbí omi kànga nínú àwo pẹrẹsẹ mọ́jú. Omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà kò dára. Lọ́wọ́ àárọ̀, ẹ fún ewéédò náà sínú àwo, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ sinmi, kí ẹ sì fi maikirosíkóòpù ilé ìwé wo ohun tó bá rọ̀ sísàlẹ̀. Aràn kéékèèké ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Èyí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ fa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ẹ ń wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí ògiri padà. Ibi tí oòrùn ti ń pa ewéédò gbẹ dáadáa ni kí ẹ ti ha á.